Káàdì Béèsìbọ́ọ̀lù Àtijọ́: Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, àmọ́ kí ará ilé náà tẹ́tí sí i, torí pé orí fóònù ni wọ́n ti ń polówó ọjà yìí fún gbogbo wa báyìí. Ní Houston, ní Chicago, ní Maryland, bí ẹ bá ń kọjá ládùúgbò láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí àwọn tó pàtẹ ẹrù ilé wọn síwájú gáréèjì. Láàárín aṣọ àti àwo lẹ ó ti rí páálí tó kún fún káàdì pẹlẹbẹ, tí àwòrán àwọn agbábéèsìbọ́ọ̀lù wà lára wọn. Ẹni tó ń tà á á sọ pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí bàbá òun ti kó o pa mọ́, pé igba dọ́là péré lòun fẹ́ gbà, pé ẹni tó bá rà á lónìí ti rówó yunifásítì ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kiwọ́ bàpò.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Káàdì béèsìbọ́ọ̀lù ti sọ èèyàn di olówó rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, káàdì kan ṣoṣo, ti Mickey Mantle tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952, ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń gba oorun lójú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ohun tó sọ ọ́ di iyebíye. Àwọn ọmọdé ìgbà náà kò ka káàdì sí nǹkan bàbàrà. Wọ́n máa ń há a mọ́ wáyà táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún, àwọn ìyá wọn sì ń gbá a dànù mọ́ pàǹtírí. Topps fúnra rẹ̀ kò rí ẹni ra èyí tó ṣẹ́ kù. Ní 1960, Sy Berger, ọ̀gá tó ṣètò káàdì náà níbẹ̀rẹ̀, ní kí wọ́n kó àjẹkù ti 1952 sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì lọ dà á sínú òkun Àtìláńtíìkì. Ìwọ̀nba tó bọ́ lọ́wọ́ òkun àti lọ́wọ́ ìgbálẹ̀ làwọn olówó ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́ lónìí.

Èyí tó wà nínú páálí tí wọ́n ń gbé tọ̀ yín wá yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, ariwo ti ta pé káàdì àtijọ́ ń pa owó. Ìwé ìròyìn kan tí James Beckett dá sílẹ̀ ní 1984 ń gbé iye owó káàdì jáde lóṣooṣù, tàgbà tọmọdé sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra káàdì láti fi pamọ́. Wọn ò fi ṣeré mọ́. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ rí i bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì sinmi. Topps nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni ọjà náà tẹ́lẹ̀. Fleer àti Donruss wọlé ní 1981 lẹ́yìn ẹjọ́ tí Fleer pè, Score dé ní 1988, Upper Deck dé ní 1989. Láti nǹkan bí 1987 títí dé 1993 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jù, wọn kò sì sọ iye tí wọ́n ń tẹ̀ fáráyé. Junk wax làwọn ọlọ́jà ń pe ẹrù àwọn ọdún yẹn.

Ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ra odindi páálí, wọ́n gbé e sájà láìtú u, wọ́n ń dúró de ọjọ́ owó. Kò sẹ́ni tó dà á nù. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1994, tí wọ́n sì fagi lé World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún náà, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 1904, inú bí àwọn olólùfẹ́ eré náà gan-an. Ọjà tó ti ń mẹ́hẹ tẹ́lẹ̀ tún wó sí i, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù káàdì sì kógbá wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan kí ẹ rí i dáadáa. Káàdì Topps ti 1987 rọrùn láti dá mọ̀: wọ́n ya etí rẹ̀ yíká bíi pákó, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 792. Barry Bonds wà níbẹ̀, Mark McGwire wà níbẹ̀, Bo Jackson náà wà níbẹ̀. Orúkọ ńlá ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ẹ ó rí odindi 792 yẹn rà ní iye tí kò tó owó oúnjẹ alẹ́ ìdílé kan nílé oúnjẹ. Ó ti pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ pípẹ́ nìkan kò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀.

Ti Ken Griffey Jr. tún yé ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni nọ́ńbà 1 nínú káàdì Upper Deck ti 1989, káàdì tó lókìkí jù lọ láàárín gbogbo ti ìgbà yẹn. Ọmọkùnrin náà kò sì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Home run (ìgbá tó gbé bọ́ọ̀lù rékọjá ògiri pápá) 630 ló gbá kó tó fẹ̀yìn tì, nígbà tó sì di 2016 wọ́n fi ìbò tó lé ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún gbé e wọ Hall of Fame, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn akọni eré náà sí. Kí ló tún kù tí ẹni tó ra káàdì rẹ̀ ní 1989 ìbá máa gbàdúrà fún? Àmọ́ PSA, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò tó sì ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, ti yẹ ohun tó ju 50,000 rẹ̀ wò, àwọn tó gba 10 nìkan sì ti ju 4,000 lọ. Èyí tó gba 10 ń pa owó gidi. Èyí tí igun rẹ̀ ti rún díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún ní máàkì, kò ju owó tí a fi ń rọ epo kún ọkọ̀ lọ.

Bí ti ẹni tó ṣàṣeyọrí bá rí báyìí, ẹ wá wo ti ẹni tí nǹkan ò bójú mu fún. Ní 1991, ẹgbẹ́ agbábéèsìbọ́ọ̀lù New York Yankees mú Brien Taylor ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ṣà lọ́dún náà, àwọn èèyàn sì du káàdì rẹ̀. Ó farapa léjìká níbi ìjà kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, kò sì gbá ẹyọ ìdíje kan nínú líìgì ńlá títí ó fi jáwọ́. McGwire gbá home run 70 ní 1998, káàdì rẹ̀ ti 1985 sì di ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, ó jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn amáradíle. Kó tó jẹ́wọ́ pàápàá ni ìfura ti já iye káàdì náà bọ́. Kò sí òbí tó yẹ kó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sórí ejìká ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí.

Ohun tó níye lórí wà nínú ẹrù ìgbà yẹn o, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ọ̀fìn tirẹ̀. Láàárín 1984 sí 1991, Topps ń tẹ irú kan tó ń jẹ́ Tiffany, tí iye rẹ̀ kéré gan-an sí ti gbogbo ayé. Ẹ yí i sẹ́yìn: ti gbogbo ayé ní ẹ̀yìn eérú tó ṣókùnkùn, Tiffany funfun báláú, iwájú rẹ̀ sì ń dán. Ẹni tí kò bá yí káàdì sẹ́yìn lè ra ti dọ́là méjì ní iye Tiffany. Ní 1991, wọ́n kó káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà ní Gúlúfù nígbà ogun, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó rí bí apata, tí igi ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀, sí ara rẹ̀. Desert Shield lorúkọ rẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ ti ń lu òǹtẹ̀ tiwọn sára káàdì 1991 lásán, èyí tó pọ̀ bí yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń tà á ní owó ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Frank Thomas, nọ́ńbà 414 nínú Topps ti 1990. Ẹ̀rọ ṣàṣìṣe lára díẹ̀ nínú wọn, orúkọ rẹ̀ kò sì hàn níwájú. Èyí tí kò lórúkọ yẹn ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, nítorí náà àwọn kan ń fi ọgbọ́n nu orúkọ kúrò lára èyí tó ní in.

Káàdì Derek Jeter, nọ́ńbà 279 nínú káàdì SP tí Upper Deck tẹ̀ ní 1993, ni mo rò pé ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ohun dídán tó ń bó létí bí èèyàn bá kàn fà á yọ nínú pákẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò bó rárá ṣọ̀wọ́n gidigidi, débi pé ọ̀kan tó gba 10 lọ́wọ́ PSA pa 99,100 dọ́là ní gbàǹjo ní 2018. Àmọ́ kí funfun tín-ín-rín kan yọ létí rẹ̀, èyí tí ẹ lè má rí láìlo awò, owó náà já wálẹ̀ bí òkúta. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "Jeter ni, ẹ mọ iye tí Jeter ń pa," ẹ ní kó gbé e sábẹ́ iná, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti etí rẹ̀ yíká, kí ẹ wo bóyá àwòrán wà láàárín gbùngbùn. Ẹ má ra a lórí fọ́tò kan ṣoṣo tó ṣú dùdù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ pákẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì tú, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bébà onída ni Topps fi ń wé káàdì nígbà náà. Ẹni tó bá ní ohun gbígbóná lè tú u, kó mú èyí tó dára, kó fi ìdọ̀tí rọ́pò rẹ̀, kó sì tún lẹ̀ ẹ́ pa tí ojú lásán ò ní mọ̀. Àwọn pákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá náà ń jẹ́ kí èèyàn rí káàdì tó wà lókè, nítorí náà ẹlòmíì ti ṣa èyí tó dáa kúrò nínú páálí kí wọ́n tó gbé àjẹkù fún yín. Ẹ má rò pé olówó ò lè ṣubú síbẹ̀. Gbajúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì nì, Logan Paul, san mílíọ̀nù 3.5 dọ́là lórí páálí tí wọ́n ní káàdì Pokémon àkọ́kọ́ ló wà nínú ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ irú páálí bẹ́ẹ̀ wò sì ti jẹ́rìí sí i. Nígbà tó tú u ní oṣù Kìíní ọdún 2022, káàdì G.I. Joe ló bá níbẹ̀. Ti béèsìbọ́ọ̀lù kọ́ nìyẹn, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹ̀tàn ọjà yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn ẹni yẹpẹrẹ. Káàdì agbábéèsìbọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, Honus Wagner, tó ti wà láti nǹkan bí 1909, ni káàdì àkọ́kọ́ tí PSA fún ní máàkì ní 1991. Bill Mastro, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọlọ́jà gbàǹjo káàdì, jẹ́wọ́ ní 2013 pé òun ti fi ẹ̀rọ gé etí káàdì náà kó lè dà bí tuntun. Wọ́n tún rí i pé ilé gbàǹjo rẹ̀ ń lo orúkọ irọ́ láti fi gbé iye owó sókè mọ́ àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Oṣù ogún ní ẹ̀wọ̀n nilé-ẹjọ́ dá fún un ní 2015. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń du ọjà ní gbàǹjo tí ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ ń fi dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá lé yín níwájú. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san sórí bébà kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ dúró níbẹ̀. Káàdì tí wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù náà, ẹ máa wò ó tìfura-tìfura, torí ayédèrú ìbuwọ́lù pọ̀ nígbà kan rí débi pé FBI dìde sí i, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Operation Bullpen.

Bí ẹ bá fẹ́ ra káàdì olówó ńlá, ẹ ra èyí tó ti wà nínú àpótí ike tí PSA tàbí ilé-iṣẹ́ bíi tirẹ̀, SGC tàbí Beckett, lẹ̀ pa, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán tó wà níbẹ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu. Àpótí ike náà ní ayédèrú. Tí etí rẹ̀ bá ti sán tàbí tó dà bí ẹni pé wọ́n ti fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe kó gbogbo páálí tí ẹ rà ránṣẹ́ pé kí wọ́n fún un ní máàkì. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kan lè tó ogún dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìka owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó fi ogún dọ́là yẹ káàdì dọ́là mẹ́ta wò ti ná owó rẹ̀ dànù kí èsì tó dé. Ní 2021, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé tí àwọn èèyàn ń tú àjà ilé wọn wò, káàdì tí wọ́n kó lọ fún PSA pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ gbígbà á dúró fúngbà díẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, ṣọ́ọ̀bù Target ní àwọn ò ta káàdì mọ́ fúngbà kan, lẹ́yìn tí ìjà ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀ ní Wisconsin. Ọ̀pọ̀ tó ra káàdì lákòókò ariwo yẹn ṣì ń wá owó wọn títí dòní. Ẹni tó ń wá ìfà, òfò ni yóò rí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá a nílé tí ẹ rà tàbí nínú ogún, ẹ má kánjú dà á nù, ẹ má sì kánjú tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá kanlẹ̀kùn. Ẹ fọwọ́ gbígbẹ mú un létí. Ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, torí gbogbo ohun tí ẹ bá fi nù ún ló ń dín owó rẹ̀ kù. Ẹ gbé e kúrò lájà àti ní gáréèjì, pàápàá ní Houston tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Àwọn káàdì dídán ìgbà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn di bíríkì, ẹni tó bá sì fi agídí fà á, á ya ojú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye rẹ̀, ẹ lọ sórí eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ gan-an. Ẹ má wo iye tí ọlọ́jà kọ síwájú, torí pé kò sẹ́ni tí kò lè kọ ẹgbẹ̀rún dọ́là sára ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà.

Mi ò ní kí ẹ má kó káàdì jọ. Bí ọmọ yín tí wọ́n bí síbẹ̀ bá fẹ́ràn béèsìbọ́ọ̀lù, páálí káàdì 1990 tí kò wọ́n jẹ́ ohun ìdùnnú fún un. Ẹ jọ jókòó tú u, kó kọ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti bí a ti ń ka ìṣirò ẹ̀yìn káàdì. Kí ó sáà má jẹ ṣingọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Iye tí ẹ ná síbẹ̀ kó jẹ́ iye tí ẹ lè gbàgbé. Owó ilé tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́ nílé, owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yín, owó iléèwé, ẹ má jẹ́ kó kan káàdì rárá. Bí ẹ bá sì ń rà á lọ́wọ́ àjèjì, ẹ má fi ètò ìfowóránṣẹ́ Zelle sanwó ṣáájú, torí ó ṣòro kí irú owó bẹ́ẹ̀ tó padà. Ẹ pàdé níbi tí èrò wà, ní ojúmọmọ.

Ẹni tó bá sì ti kówó sínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ lè máa sọ pé kó tún ra páálí kan sí i, bóyá ti òní á dí àdánù ti àná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró síbi tí ẹ dé. Ẹ sọ fún ìyàwó tàbí ọkọ yín lálẹ́ òní iye tó ti lọ, kí ẹ jọ ṣírò rẹ̀. Èyí tó bá ní ọjà lára, ẹ rọra tà á. Èyí tí kò bá ní, ẹ fún àwọn ọmọ.